Bí A Ṣe Ń Tún Apá Òkè Ẹ́ńjìnnì Two-Stroke Jet Ski Ṣe

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo tú apá òkè ẹ́ńjìnnì jet ski, mo pààrọ̀ písítínì méjèèjì, mo pààrọ̀ ríǹgì, mo pààrọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì, mo sì dì í padà láàárín ọjọ́ méjì. Inú mi dùn ṣìnkìn. Ẹ̀ẹ̀kẹta tí mo gbé e sórí omi ni ẹ́ńjìnnì gan mọ́ mi lọ́wọ́. Nígbà tí mo tún un tú, písítínì tuntun ti ha ní ibi tí ti àtijọ́ ti ha gẹ́lẹ́. Písítínì kọ́ ló jẹ̀bi. Asẹ́ kékeré inú kàbúrétọ̀, tí kò fẹ̀ ju èékánná àtàǹpàkò lọ, ló ti dí pa. Ìdọ̀tí aláwọ̀ ewé tó ń yọ̀ bọ̀rọ́bọ̀rọ́ ló bò ó. Epo ò dé inú sìlíńdà yẹn tó. Mo ti fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, mo ń pa làpálàpá.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ yín: ẹ má ra písítínì kankan títí ẹ ó fi mọ ohun tó pa ti àkọ́kọ́. Iṣẹ́ títú àti dídì kò le púpọ̀. Wíwá ohun tó fa ikú ló gba ọpọlọ.

Ohun tí à ń sọ nígbà tí a bá ní apá òkè

Tọ́ọ̀pù sìlíńdà, sìlíńdà fúnra rẹ̀, písítínì, ríǹgì, píìnì tó so písítínì mọ́ kọ́nrọ́ọ̀dù, bẹ́ríǹ kékeré tó wà lára píìnì yẹn, kílíìpù tó dì í mú, àti gásíkẹ́ẹ̀tì wọn. Kíráńkì, ìyẹn ọ̀pá tí písítínì ń yí, àti bẹ́ríǹ ńlá rẹ̀ wà nísàlẹ̀, iṣẹ́ mìíràn nìyẹn.

Ẹ́ńjìnnì two-stroke, èyí tó ń jó epo ní gbogbo ìyípo kíráńkì kan, kò ní agbada ọ́ìlì bíi ti mọ́tò. Ọ́ìlì tí a pò mọ́ epo, tàbí tí pọ́ǹpù ọ́ìlì ń tú sí i díẹ̀díẹ̀, ló ń gba ilé kíráńkì kọjá, tó ń ta sára bẹ́ríǹ, kó tó gòkè sínú sìlíńdà láti jóná. Epo tó ń wọlé yìí náà ló tún ń tu písítínì lára. Bí epo bá dínkù, ooru pọ̀ sí i. Bó bá jẹ́ pé inú epo la po ọ́ìlì sí, ọ́ìlì náà dínkù lẹ́ẹ̀kan náà. Jet ski kì í sì í sinmi. Omi ń ti í padà ní gbogbo ìgbà, ẹni tó wà lórí rẹ̀ sì sábà máa ń tẹ throttle (ohun tí a fi ń mú eré pọ̀) dé ìdí fún ìṣẹ́jú púpọ̀. Àléébù kékeré tí alùpùpù lè gbé kiri fún oṣù kan, jet ski lè kú sí i lọ́wọ́ ní ọ̀sán kan.

Ìlànà tí mo fẹ́ sọ yìí bá ọ̀pọ̀ wọn mu, ì báà jẹ́ Yamaha SuperJet 701 tí ẹnu sìlíńdà rẹ̀ jẹ́ 81 mm, tàbí Rotax 717 tó wà nínú Sea-Doo, tí tirẹ̀ jẹ́ 82 mm, tàbí Kawasaki 750 tó jẹ́ 80 mm. Nọ́ńbà wọn ló yàtọ̀. Ẹ wá ìwé ẹ́ńjìnnì tiyín kí ẹ tó mú sípánà. Gbogbo ibi tí mo bá ti sọ pé "ohun tí ìwé wí", òun ni mò ń sọ.

Kí ẹ tó tú bóòtù kan

Ẹ ṣí ìjókòó, kí ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọ inú rẹ̀ dáadáa. Èéfín epo wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ló máa ń lọ sinmi sí, iná kékeré láti ara bátìrì sì tó láti gbà á. Ẹ gbóòórùn. Bí ẹ bá ṣì ń gbọ́ òórùn epo, kò tíì yá.

Lẹ́yìn náà, ẹ wọn kọ̀mpírẹ́ṣọ̀n, ìyẹn agbára tí písítínì fi ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ nínú sìlíńdà. Ẹ yọ gbogbo púlọ́ọ̀gì, kí ẹ fi wáyà wọn kan irin ẹ́ńjìnnì kí iná wọn má bàa ba ẹ̀rọ ìtaná jẹ́. Ẹ yí géèjì wọ ihò púlọ́ọ̀gì, kí ẹ tẹ throttle dé ìdí, kí ẹ sì di sítáàtà mú títí abẹ́rẹ́ géèjì kò fi ní gòkè mọ́. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ ṣe ti sìlíńdà kejì. Throttle tí a kò tẹ̀ ni kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé tó, òun ló sì ń mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ẹ́ńjìnnì àwọn ti bàjẹ́ nígbà tí kò tíì bàjẹ́.

Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì wọ̀nyí, bára wọn bá le, máa ń fi nǹkan bíi 150 psi (ìwọ̀n agbára afẹ́fẹ́ tó wà lójú géèjì) hàn. Bó bá ti ń sún mọ́ 120 tàbí tó já wálẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó ti rẹ̀ ẹ́. Ohun tí mo máa ń wò ju iye yẹn lọ ni ìyàtọ̀ àárín sìlíńdà méjèèjì: bó bá ju ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lọ, ọ̀kan nínú wọn ń ṣàìsàn. Ẹ kán ọ́ìlì díẹ̀ sínú èyí tó kéré, kí ẹ tún un wọ̀n. Bó bá gòkè, ríǹgì tàbí ara sìlíńdà ló ti jẹ. Bí kò bá gòkè rárá, ẹ fura sí gásíkẹ́ẹ̀tì tọ́ọ̀pù tàbí ihò lórí písítínì.

Títú u

Ẹ yọ wáyà bátìrì, dúdú ṣáájú pupa. Ẹ fọ ẹ́ńjìnnì níta kó mọ́, torí iyanrìn tó bá wà lára rẹ̀ lónìí ni yóò wà nínú ilé kíráńkì lọ́la. Ẹ ya fọ́tò gbogbo rọ́bà àti wáyà kí ẹ tó yọ wọ́n. Bóòtù ibì kan, ọ̀rá kan. Ẹ kọ orúkọ ibẹ̀ sára ọ̀rá náà.

Páìpù èéfín ló kọ́kọ́ ń jáde. Ó wúwo, ẹ jẹ́ kí ẹnì kan bá yín gbé e. Lẹ́yìn náà kàbúrétọ̀. Ẹ wá tú bóòtù tọ́ọ̀pù sìlíńdà lábala, kí ẹ máa fò láti igun kan sí igun tó dojú kọ ọ́, díẹ̀díẹ̀, torí bí ẹ bá tú ẹ̀gbẹ́ kan tán pátápátá, tọ́ọ̀pù lè tẹ̀. Bóòtù tí omi iyọ̀ ti jẹ kì í gba agídí. Ẹ da òróró ìtúpátà sí i, ẹ fi sílẹ̀ mọ́jú, ẹ fi iná díẹ̀ yá a lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbé gbogbo ohun tó ní epo jìnnà. Bóòtù tó bá kán sínú irin yóò gbà yín lákòókò ju gbogbo iṣẹ́ yòókù lọ.

Bí tọ́ọ̀pù tàbí sìlíńdà bá lẹ̀, ẹ fi òòlù onírọ́bà gbá a ní ẹ̀gbẹ́. Ẹ má ki ìtúdè bọ àárín ojú irin méjèèjì láti fi já a. Ìlà kan ṣoṣo tí irin bá fà sójú ibẹ̀ tó kí afẹ́fẹ́ máa gbà á wọlé.

Bí sìlíńdà bá ti ń gòkè, ẹ dúró kí ìsàlẹ̀ písítínì tó jáde, kí ẹ fi àkísà tó mọ́ dí ẹnu ilé kíráńkì ní àyíká kọ́nrọ́ọ̀dù. Nígbà tí mo fi ojú kéré àkísà yìí, kílíìpù ta kúrò lẹ́nu ohun tí mo fi ń yọ ọ́, mo gbọ́ "tín" kan ṣoṣo nísàlẹ̀, ariwo tán. Wákàtí méjì ni mo fi ń wá a pẹ̀lú mágínẹ́ẹ̀tì àti tọ́ọ̀ṣì kí n tó rí i lẹ́yìn kíráńkì. Ẹ fi ọwọ́ kan bo kílíìpù bí ẹ bá ń fi ọwọ́ kejì yọ ọ́.

Ẹ ti píìnì jáde jẹ́jẹ́. Ẹ má fi òòlù gbá a nígbà tí ẹnì kan ò di písítínì mú, nítorí kọ́nrọ́ọ̀dù ni yóò jẹ gbogbo ìgbá náà. Nínú àwọn Rotax kan, bẹ́ríǹ píìnì yìí kò ní ilé. Irin tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́ lásán ni wọ́n tò yíká. Ẹ kà wọ́n bí wọ́n ṣe ń jáde. Ọ̀kan tó bá ṣẹ́kù sísàlẹ̀ yóò pa ẹ́ńjìnnì náà lọ́jọ́ tí ẹ bá tan án.

Ẹ jẹ́ kí òkú sọ̀rọ̀

Ibí yìí ni kí ẹ ti fara balẹ̀. Ẹ gbé písítínì àtijọ́ sójú ìmọ́lẹ̀, kí ẹ rántí apá tó kọjú sí ihò èéfín.

Bó bá ha ní apá ihò èéfín nìkan, ooru ti pọ̀ jù: epo kò wọlé tó, tàbí afẹ́fẹ́ ń jò wọlé níbi tí kò yẹ, tàbí omi ìtura kò yí ká. Bó bá ha yíká yíká, títí dé apá tí epo ń gbà wọlé, ọ́ìlì ni kò dé. Bó bá ha ní igun mẹ́rin lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n tẹ ẹ́ńjìnnì tútù dé ìdí kó tó móoru, písítínì sì wú kí sìlíńdà tó ráyè wú. Tàbí kẹ̀, ẹni tó bọ́ọ̀ sìlíńdà (tó fá inú rẹ̀ kó lè fẹ̀ sí i) kò fi ààyè sílẹ̀ tó.

Orí písítínì náà ní ohun tó ń wí. Ihò tó yọ́ láàárín rẹ̀ túmọ̀ sí pé iná ń tàn kó tó tó àkókò, bóyá púlọ́ọ̀gì tó gbóná jù ló wà níbẹ̀. Bí etí rẹ̀ bá rí gbúngbùngbún bí ohun tí wọ́n da iyanrìn lù, epo ń bú gbàmù dípò kó jó lọ geerege: epo tí octane rẹ̀ (agbára rẹ̀ láti má bú gbàmù) kéré, tàbí epo tó pẹ́ nínú táńkì. Bí písítínì kan bá mọ́ tónítóní bí ẹni pé wọ́n fi kànrìnkàn fọ̀ ọ́, tí èkejì sì dúdú, omi ń jò wọ èyí tó mọ́ láti ibi gásíkẹ́ẹ̀tì tọ́ọ̀pù. Bí ríǹgì bá ṣẹ́ lójú ihò kan, ó ṣeé ṣe kí ẹni tó bọ́ọ̀ ọ́ má fá etí ihò náà dán.

Ẹ wá bi ara yín: ṣé ọ̀kan ló kú ni, àbí méjèèjì? Bó bá jẹ́ ọ̀kan, ohun tó jẹ́ tirẹ̀ nìkan ni kí ẹ wá: kàbúrétọ̀ tirẹ̀, ọ́ìlì síìlì kíráńkì (rọ́bà tí kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ jò ní ìdí kíráńkì) tó wà lápá ọ̀dọ̀ rẹ̀, ojú ọ̀nà omi rẹ̀. Bó bá jẹ́ méjèèjì, ẹ wo ohun tí wọ́n jọ ń mu: pọ́ǹpù ọ́ìlì, asẹ́ táńkì, epo fúnra rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ Sea-Doo àwọn ọdún 1990 sí 1999 wá pẹ̀lú rọ́bà epo aláwọ̀ eérú tó máa ń yọ́ láti inú, tó sì ń di ìdọ̀tí aláwọ̀ ewé tí mo sọ lókè. Ìta rẹ̀ á ṣì dára lójú. Bí ẹ bá rí i lára tiyín, ẹ yọ gbogbo rẹ̀ láti táńkì dé kàbúrétọ̀, ẹ fi rọ́bà epo gidi rọ́pò, ẹ tú kàbúrétọ̀, ẹ fọ asẹ́ rẹ̀. Títú apá òkè ṣe láìṣe èyí, owó sínú omi ni.

Ìsàlẹ̀ ńkọ́?

Ẹ di kọ́nrọ́ọ̀dù mú nígbà tó wà lókè pátápátá, kí ẹ fà á sókè kí ẹ tì í sísàlẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ mì rárá. Kó máa yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Feeler gauge (irin pẹlẹbẹ tín-ín-rín tí a fi ń wọn àlàfo) àti ìwé ni yóò sọ bóyá ó ti pọ̀ jù. Bí ìsàlẹ̀ rẹ̀ bá ti di aláwọ̀ búlúù, ooru ti jẹ ẹ́. Ẹ fi ọwọ́ yí kíráńkì, kí ẹ tẹ́tí: ó yẹ kó dákẹ́. Bó bá ń ró bí ẹni ń jẹ iyanrìn, ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ jáde pátápátá. Bákan náà bí písítínì bá fọ́ túútúú, nítorí èérún rẹ̀ ti wọ bẹ́ríǹ kíráńkì, kò sì sí fífọ̀ tó lè kó gbogbo rẹ̀ jáde.

Sìlíńdà

Ojú kì í tó. Ẹ wọ̀n ọ́n lókè, láàárín, àti nísàlẹ̀, níwájú sẹ́yìn àti lọ́tùn-ún sósì. Bí ìyàtọ̀ wọn bá ti tó nǹkan bíi 0.1 mm, ó ti di ohun tí a ń bọ́ọ̀. Sìlíńdà tí inú rẹ̀ jẹ́ irin dúdú ṣeé bọ́ọ̀. Písítínì tó tóbi jù ti àkọ́kọ́ lọ pẹ̀lú 0.25 mm, 0.50 mm, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ wà fún un. Èyí tí wọ́n fi Nikasil (àwọ̀ líle tín-ín-rín kan) tẹ́ inú rẹ̀ kò ṣeé bọ́ọ̀, wọ́n ní láti tún un tẹ́ ni.

Ẹ kọ́kọ́ ra písítínì, kí ẹ gbé e lọ fún ẹni tí yóò bọ́ọ̀ sìlíńdà, kó fi písítínì gan-an wọ̀n ọ́n. Ìwé tó wà nínú páálí písítínì ni kó tẹ̀ lé fún ààyè tó yẹ kó wà láàárín wọn. Písítínì tí wọ́n rọ máa ń wú ju èyí tí wọ́n dà lọ, ààyè tirẹ̀ sì tóbi jù. Ẹ sọ fún un kó fá etí gbogbo ihò.

Bó bá padà dé, ẹ má gbà pé ó mọ́. Ẹ fi omi gbígbóná, ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́. Epo nìkan kì í kó èérún òkúta ìbọ́ọ̀ jáde. Ẹ nù ún gbẹ, ẹ da ọ́ìlì two-stroke sára aṣọ funfun, kí ẹ fi nu inú rẹ̀. Aṣọ náà á dúdú. Ẹ mú òmíràn, ẹ tún nù ún. Ó gbà mí ní aṣọ méje rí kí èyí tó kẹ́yìn tó jáde ní funfun. Èyí tó dúdú lórí aṣọ yẹn ni ìbá jẹ ríǹgì tuntun láàárín wákàtí kan.

Dídì í padà

Ẹ ki ríǹgì kan bọ sìlíńdà, kí ẹ fi orí písítínì tì í wọlé kó tò gún régé, kí ẹ sì fi feeler gauge wọn àlàfo ẹnu rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa máa ń fi 0.004 sọ ìwọ̀n ẹnu sìlíńdà di púpọ̀: fún 82 mm, ó jẹ́ nǹkan bíi 0.33 mm. Bó bá kéré jù, ẹ fi fáìlì fá a, láti ìta wá sínú. Àlàfo tó kéré jù léwu ju èyí tó tóbi díẹ̀ lọ, torí ẹnu ríǹgì méjèèjì yóò pàdé nígbà tí wọ́n bá wú, wọn ò sì ní ibòmíràn tí wọ́n lè lọ ju ara sìlíńdà lọ.

Ríǹgì ní àmì lójú kan. Ojú yẹn ló ń wo òkè. Nínú kòtò ríǹgì, irin kékeré kan yọrí. Ẹnu ríǹgì gbọ́dọ̀ gbá a mọ́ra. Ọfà tó wà lórí písítínì ń kọjú sí ihò èéfín. Ẹ wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i kí ẹ tó ki píìnì bọ̀ ọ́.

Bẹ́ríǹ tuntun, ọ́ìlì lára rẹ̀, píìnì, lẹ́yìn náà kílíìpù. Kílíìpù tuntun ni o! Èyí tí ẹ yọ ti tẹ̀, kò ní dì í mú mọ́. Ẹ jẹ́ kí ẹnu rẹ̀ kọjú sókè tàbí sísàlẹ̀ tààrà, kí ẹ fi irin kékeré yí i wò bóyá ó ti wọ kòtò rẹ̀ pátápátá.

Gásíkẹ́ẹ̀tì ìsàlẹ̀ sìlíńdà ní ìnípọn oríṣiríṣi nínú àwọn ẹ́ńjìnnì kan, òun ló sì ń pinnu bí písítínì ṣe ń sún mọ́ tọ́ọ̀pù tó. Ẹ lo èyí tó bá ti àtijọ́ dọ́gba, àfi bí ìwé bá wí ohun mìíràn. Ẹ fi ọ́ìlì pa inú sìlíńdà àti ara písítínì, ẹ fi ọwọ́ fún ríǹgì pọ̀, ẹ sọ sìlíńdà kalẹ̀ tààrà láìyí i. Bó bá kọ̀, ẹ má tì í. Ẹ gbé e sókè, ríǹgì kan ti kúrò lára irin rẹ̀.

Bí sìlíńdà bá dá dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ fi ọwọ́ yí bóòtù ìsàlẹ̀ wọn lásán, kí ẹ de ibi tí páìpù èéfín ń jókòó mọ́ méjèèjì kí ojú wọn lè dọ́gba, kí ẹ tó wá mú bóòtù ìsàlẹ̀ le. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fo èyí, gásíkẹ́ẹ̀tì èéfín á sì máa jó lemọ́lemọ́. Fún tọ́ọ̀pù, torque wrench (sípánà tó ń wọn bí a ṣe mú bóòtù le tó) ni: ìdá kan nínú mẹ́ta iye tí ìwé wí, ìdá méjì, iye rẹ̀ pátápátá, lábala bí ẹ ṣe tú u.

Ẹ fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i kí ẹ tó tan án

Èyí ló yà mí sọ́tọ̀ kúrò nínú ẹni tí mo jẹ́ nígbà àkọ́kọ́. Ẹ dí ibi tí kàbúrétọ̀ ń jókòó, ẹ dí ojú èéfín, kí ẹ fi pọ́ǹpù ọwọ́ fẹ́ afẹ́fẹ́ wọ ẹ́ńjìnnì dé 5 psi. Ẹ má ṣe ju 8 lọ kí ẹ má bàa ba ọ́ìlì síìlì jẹ́. Ẹ wo géèjì fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Bó bá ń wálẹ̀, ẹ bu omi ọṣẹ sí gbogbo ojú gásíkẹ́ẹ̀tì àti ìdí kíráńkì. Ibi tó bá hó ni afẹ́fẹ́ ti ń jò. Ó dára kí ẹ rí i báyìí lórí tábìlì ju kí písítínì tuntun fi hàn yín láàárín omi.

Títan án

Bí pọ́ǹpù ọ́ìlì bá wà, ẹ tú afẹ́fẹ́ kúrò nínú rọ́bà rẹ̀ títí ọ́ìlì nìkan ni yóò fi máa jáde. Síbẹ̀, ẹ po ọ́ìlì mọ́ epo táńkì àkọ́kọ́ ní 50:1, ìyẹn 20 mL sí lítà kan. Ẹ lo irú ọ́ìlì tí ìwé wí: API-TC àti TC-W3, oríṣi ọ́ìlì two-stroke méjì tí wọ́n máa ń kọ sára agolo, kì í ṣe ohun kan náà.

Bí ẹ bá fẹ́ fi họ́ọ̀sì tu ẹ́ńjìnnì lára lórí ilẹ̀, ẹ́ńjìnnì ló ń kọ́kọ́ tàn, omi tẹ̀ lé e lójú ẹsẹ̀. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ pa á, omi ló ń kọ́kọ́ kú. Bí omi bá ń ṣàn nígbà tí ẹ́ńjìnnì kò ṣiṣẹ́, inú páìpù èéfín ni yóò gbà wọ sìlíńdà.

Ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ pa á, ẹ jẹ́ kó tutù pátápátá. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Lórí omi, ẹ má dúró lójú ìyára kan: ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ jọ̀wọ́ rẹ̀, ẹ má kọjá ìdajì throttle ní wákàtí àkọ́kọ́ àfi fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Ìwé Sea-Doo pe wákàtí mẹ́wàá ní àkókò ìmúlẹ̀, mo sì máa ń pé e.

Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì lẹ́yìn ìrìn kejì. Àwọ̀ ilẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ ló dára. Bó bá funfun, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ padà sídìí kàbúrétọ̀ lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn wákàtí mẹ́wàá, ẹ tún wọn kọ̀mpírẹ́ṣọ̀n pẹ̀lú géèjì kan náà, kí ẹ fi máákà kọ iye méjèèjì àti déètì sí abẹ́ ìjókòó, níbi tí omi kì í dé.